Òjò Ọdún Tí Dókítà Agbẹ̀bí Dé

Ọjọ́ Ajé, kẹrin oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Dókítà agbẹ̀bí ń bọ̀ láti òkè òkun lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti ọkọ rẹ̀ àti bàbá ọkọ rẹ̀. Èmi ni kánsù yàn láti máa tọ́jú wọn. Ọ̀gá ilé ìwòsàn pè mí láàárọ̀, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun bí wọn nínú. Mo ní kí ó bá mi sọ ọ́ fún òjò. Kò rẹ́rìn-ín.

Àdéhùn oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ bá a ṣe. Tí oṣù Keje bá parí, ó lè dúró, ó sì lè kó ẹrù rẹ̀. Láti ìgbà tí dókítà àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ti wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí pa. Ìlú ńlá tó wà lódìkejì odò ni àwọn aboyún wa ń lọ. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó oníbúrẹ́dì bímọ sínú ọkọ̀ lórí afárá. Ọmọ mi náà ti lóyún báyìí. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n dá fún un.

Ilé tí kánsù fún wọn, ilé ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀ ní tútù. Mo ṣí gbogbo fèrèsé. Mo ra ọ̀dà funfun, mo sì fi kun ògiri yàrá méjì fúnra mi. Ọ̀dà ti gbówó lórí. Èjìká ń ro mí.

Ọjọ́ Ẹtì, kẹjọ oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti dé. Òjò ló bá wa pàdé wọn ní ibùdókọ̀.

Dókítà ga, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé àpò irin kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Bàbá àgbà gbé àpótí pákó kékeré kan lé itan títí a fi délé. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa, ṣùgbọ́n ó bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, títí kan awakọ̀ àti obìnrin tó kàn wá ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Àwọn méjì yòókù ti kọ́ èdè wa díẹ̀ kí wọ́n tó wá. Ẹni tó kọ́ Dókítà ti kìlọ̀ fún un nípa ọ̀wọ̀, ni ó bá ń pe gbogbo ènìyàn ní “ẹ̀yin”. Ó kí ọmọ oníbúrẹ́dì tí kò tíì lè rìn dáadáa, ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.” Ti ọkọ rẹ̀ yàtọ̀. Ó wo ojú mi, ó ní, “Báwo ni o?” Mo ju ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ, bí mo bá fojú wò ó. Mo ní dáadáa ni mo wà.

Ọjọ́rú, kẹtàlá oṣù Karùn-ún

Báǹkì, ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú, ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù, a tún padà sí báǹkì. Lẹ́tà kan ló yàtọ̀ nínú orúkọ Dókítà lórí ìwé méjì, wọ́n ní ènìyàn méjì ni. Mo bá wọn jókòó títí ọ̀gá báǹkì fi jáde síta, tó wò ó láti òkè délẹ̀, tó sì gbà pé ẹnì kan ni.

Wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù. Àwọn obìnrin tó wá lónìí, ìran ni wọ́n wá wò.

Gáàsì ti lọ sókè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún

Ọkọ Dókítà wá sí ọ́fíìsì. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe. Ó ṣí àpò irin yẹn níwájú mi: ayùn tó tín-ín-rín bí irun, búrọ́ọ̀ṣì, àwo kékeré tí wọ́n fi ń po símẹ́ńtì eyín, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ rí níbi tí wọ́n ti wá. Ó ní, “Ilé kò ṣe é jókòó sí. Ìyàwó mi ń lọ síbi iṣẹ́, bàbá mi ń rìn kiri, èmi ń wo ògiri.”

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà fún un nílùú yìí. Mo mú un lọ bá dókítà eyín. Ọkùnrin náà gbọ́ wa dé òpin, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ìlú ńlá ni mo ti ń ṣe eyín àwọn oníbàárà mi láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún ẹni tó ń bá mi ṣe é níbẹ̀?” Mo ní kí ó sọ pé ẹlòmíì dé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn.

Nígbà tí a jáde, ọkọ Dókítà bi mí pé ṣé ọkùnrin náà ti sọ pé rárá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò dún bí rárá létí òun. Mo ní bí a ṣe ń sọ ọ́ níbí nìyẹn.

Ọjọ́rú, kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún

Ọmọ àkọ́kọ́ ní wọ́ọ̀dù. Obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé bí Dókítà ṣe gbé e sókè, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kejì oṣù Kẹfà

Mo ti rí iṣẹ́ fún ọkọ Dókítà. Ilé ìkẹ́rù àwọn tó ń ta táìsì ilẹ̀ lẹ́bàá odò ni. Ẹrù gbígbé ni, owó rẹ̀ kò burú. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní iṣẹ́ ni iṣẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn oṣù yìí fún kánsù, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, karùn-ún oṣù Kẹfà

Onígbàjámọ̀ wá bá mi pẹ̀lú ẹjọ́. Òun ló ń gẹ irun gbogbo ọkùnrin ìlú yìí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti fà á lé e lọ́wọ́. Kò jókòó.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ kó àwọn àlejò yẹn wá?”

“Ilé ìwòsàn ló kó wọn wá. Èmi ń tọ́jú wọn ni.”

“Ẹ lọ bá mi tọ́jú bàbá yẹn o. Ó ti gbé àga sí abẹ́ òrùlé gbọ̀ngàn àwọn àgbà. Ó ń gẹ irun. Kò gba kọ́bọ̀.”

“Kò gba kọ́bọ̀, kí wá ni ẹjọ́?”

“Ẹjọ́ náà gan-an nìyẹn, Màmá. Ta ló máa sanwó fún mi mọ́?”

Ohun tó wà nínú àpótí pákó nìyẹn: abẹ, sísọ́ọ̀sì àti kóòmù. Onígbàjámọ̀ ni bàbá àgbà nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, kọkànlá oṣù Kẹfà

Mo mú bàbá àgbà àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Bàbá dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí àtẹ̀gùn. Bóyá ohun tí onígbàjámọ̀ rí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi rọ̀. A rojọ́ títí. Níkẹyìn ó ní, “Ó dáa. Àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn mi mọ́, kí ó máa gẹ tiwọn. Àwọn tó bá lè gùn ún, èmi ni mo ni wọ́n.”

Ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bàbá gbà. Ó wá fi ìka méjì gbá onígbàjámọ̀ lágbọ̀n mú, ó yí ojú rẹ̀ sí fèrèsé, ó sì sọ nǹkan kan.

“Kí ni wọ́n wí?” onígbàjámọ̀ bi.

Ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. “Ó ní o fá apá òsì dáadáa ju apá ọ̀tún lọ.”

Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀ nínú dígí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Èjìká yìí ló ń dùn mí,” ó sì bu omi gbígbóná fún bàbá.

Ọjọ́bọ̀, kejìdínlógún oṣù Kẹfà

Odò ti kún dé ẹsẹ̀ igi àkọ́kọ́. Wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù gba orí afárá mọ́. Owó ọkọ̀ sí ìlú ńlá ti di ìlọ́po méjì.

Ọmọ mi wá. Ó ní ìlú ńlá lòun máa bímọ sí, pé ìyá ọkọ òun ti bá dókítà ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní dókítà kan wà nílé ìwòsàn tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, “Màmá, iṣẹ́ yín nìyẹn, mo mọ̀. Ẹ má fi mí ṣe ìpolówó.” Mi ò bá a jà. Ikùn tirẹ̀ ni. A jọ ṣa òkúta inú ìrẹsì, a sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ọmọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kẹtàlélógún oṣù Kẹfà

Páálí táìsì já lé ọkọ Dókítà lọ́wọ́ ní ilé ìkẹ́rù. Ọwọ́ ọ̀tún. Ìka méjì fọ́.

Dókítà wá sí ọ́fíìsì mi ní ọ̀sán pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo gbé àga fún un. Kò jókòó.

“Ẹ bá ọkọ mi wá iṣẹ́,” ó ní. “Ẹ ṣé.”

Mo ní mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, pé ó dùn mí.

“Mo ń wo ìwé tí ẹ kọ sí kánsù. Wọ́n fi hàn mí. Ẹ fa ìlà sábẹ́ iṣẹ́ yẹn.” Ó ń wá ọ̀rọ̀, ó sì rí i. “Ọwọ́ yẹn ló fi ń jẹun, mà. Kì í ṣe ẹnu.”

Mo tún ti àga náà sún mọ́ ọn.

“Tí oṣù Keje bá parí, à ń lọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin kọ́kọ́ gbọ́.”

Ó kí mi dáadáa kí ó tó jáde. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà

Mo sọ fún ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ó ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo ní kí ni. Ó ní èmi ni mo mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, kìíní oṣù Keje

Mo gbé búrẹ́dì lọ kí wọn. Dókítà wà níbi iṣẹ́. Bàbá àgbà ṣílẹ̀kùn fún mi bí ẹni pé èmi lòun ń retí láti àárọ̀. Ó ń gẹ irun fún ọmọ rẹ̀ nínú kíṣìnnì, ọmọ náà gbé ọwọ́ tí wọ́n dì lé tábìlì. Mo jókòó mo ń wò wọ́n. Bàbá kò yára rárá. Ó ń gẹ díẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọrùn ọmọ, ó tún ń wúkọ́, ó tún ń gẹ.

Mo ní kí ọmọ rẹ̀ má bínú. Ó ní òun kò bínú, pé ìyàwó òun ló ń bá gbogbo wa bínú. “Ọwọ́ á jinná,” ó ní. “Kí ni mo máa fi ṣe tí ó bá jinná? Ìyẹn ni kò yé mi.”

Ọ̀dà tí mo kùn ti ń ṣí kúrò lára ògiri. Omi ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní màá rán bíríkìlà wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kẹrin oṣù Keje

Bàbá àgbà kú láàárọ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ ló bá a lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti wọ bàtà, ó ti di okùn ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé obìnrin kan wà lórí ìrọbí nígbà tí wọ́n wá pe Dókítà. Ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n ti sọ fún un. Ó ní, “Ta ló wà pẹ̀lú ọkọ mi?” Wọ́n ní àwọn ará ilé kejì. Ó padà wọlé. Nígbà tí ọmọ ké, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó sì rìn lọ sílé nínú òjò. Wọ́n ní kò gba agbòòrùn tí wọ́n nà sí i.

Ọjọ́ Àìkú, karùn-ún oṣù Keje

Mo bá wọn jókòó. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbé òkú padà sílé: ìwé láti ọ̀dọ̀ tiwa, ìwé láti ọ̀dọ̀ tiwọn, àpótí onírin, ọkọ̀ òfuurufú. Bóyá oṣù kan. Mọ́ṣúárì ilé ìwòsàn wa kò tóbi, iná rẹ̀ kò sì ṣe é fọkàn tán.

Dókítà wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ọwọ́ tí wọ́n dì.

“Bàbá mi kò fẹ́ràn ọkọ̀ òfuurufú,” ó ní. “Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó ní òun kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ láéláé. Mi ò lè gbé e wọ̀ ọ́ ní tipátipá nísinsìnyí tí kò lè bá mi jiyàn.”

Ibí ni wọ́n máa sin ín sí.

Ọjọ́ Ajé, kẹfà oṣù Keje

Ẹsẹ̀ kan kánsù, ẹsẹ̀ kan ìtẹ́ òkú. Òfin ni pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún nílùú, kò sí ilẹ̀ fún un. Ọ̀gá mi ní kánsù kò ní èrò búburú. Ó ní kí n kọ ọ́ wá, pé wọ́n á gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé. Mo bi í ìgbà wo ni ìpàdé. Ó ní lẹ́yìn òjò.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ìtẹ́ òkú fi gbogbo ibẹ̀ hàn mí kí n lè fojú ara mi rí i. Ibi tó ṣófo, omi ti bò ó. Ibi tó gbẹ ti ní olówó.

Mo lọ dúró nídìí ibojì ọkọ mi. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n fi gbà á lọ́dún tó kú. Koríko ti hù níbẹ̀. Mo dúró títí bàtà mi fi rì sínú ẹrẹ̀. Mo ń retí kí nǹkan kan wá sí mi lọ́kàn, ohun kan ṣoṣo tó wá ni pé ilẹ̀ náà gbẹ.

Mo padà lọ bá ọkùnrin náà, mo ní kí ó gbẹ́ ibẹ̀.

Ó wò mí. “Màmá, ibùsùn yín nìyẹn.”

“Mi ò tíì fẹ́ sùn.”

Ó lọ gbé ṣọ́bìrì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, keje oṣù Keje

Ọmọ mi ti gbọ́. Kò kí mi nígbà tó wọlé.

“Níbo la máa sin ẹ̀yin sí?”

“Ibi tí àyè bá wà.”

“Ẹ ò tilẹ̀ bi mí, Màmá. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi nìyẹn. Èmi ni mo máa ń gbá ibẹ̀.”

Òótọ́ ni. Mi ò bi í. Mo sọ fún un pé òótọ́ ni.

“Ọkùnrin tí ẹ mọ̀ láti oṣù Karùn-ún.”

“Bàbá rẹ kò ní bá mi jà. Ó fẹ́ràn kí ènìyàn máa bá a gẹ irun.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó di etí tábìlì mú kí ó tó dìde. Ó lọ láì dágbére. Oúnjẹ tí mo bù fún un tutù sórí tábìlì. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, kẹjọ oṣù Keje

Onígbàjámọ̀ wá láì pè é. Ó ní ta ló máa fá irùngbọ̀n bàbá. Ọmọ bàbá ní òun ni ó yẹ kí ó fá a, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kí a rí i. Onígbàjámọ̀ ní, “Ẹ gbé abẹ tiwọn fún mi. Tèmi kò yẹ wọ́n.”

A wọ mọ́ṣúárì. Ó tẹ aṣọ ìnura sábẹ́ ọrùn bàbá, ó po ọṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó parí, ó yí ojú òkú náà síhà iná díẹ̀, ó wò ó, ó tún ibì kan fá lábẹ́ etí. Ọmọ bàbá dúró ti ògiri. Mo jáde, mo lọ wá àga fún un.

Ọjọ́bọ̀, kẹsàn-án oṣù Keje

A sin bàbá. Òjò dáwọ́ dúró, ẹrẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Àwọn àgbàlagbà tí bàbá máa ń bá gẹ irun wá tọ̀pátọ̀pá, orí gbogbo wọn mọ́. Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní kánsù wá pẹ̀lú, ó dúró jìnnà.

Ọmọ mi wá. Mi ò rò pé ó máa wá. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta bàbá rẹ̀.

Ìsìnkú parí, àwọn ènìyàn ń bọ Dókítà lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ọmọ mi, Dókítà kò tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yín ti wú báyìí?”

“Oyún ni, mà.”

“Orí ń fọ́ yín?”

Ọmọ mi wò mí.

“Ṣé ojú yín ń ṣe bàìbàì?”

“Láti àná,” ọmọ mi ní.

Dókítà sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọkọ rẹ̀ lédè wọn. Ọkọ rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà gbé ọmọ mi wọ ọkọ̀ oníbúrẹ́dì, ó sì bá a lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú lọ́rùn, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n ti dá a dúró síbẹ̀. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ti afárá pa fún gbogbo ọkọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kọkànlá oṣù Keje

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ṣì ń ru. Mo fọ aṣọ ọmọ mi. Kò gbẹ.

Ọjọ́bọ̀, kẹrìndínlógún oṣù Keje

Dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan láàárọ̀. Ó ní oògùn kò ká a mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ọmọ jáde lónìí. Mo bi í pé ta ló máa yè bí ó bá di pé kí a yan ọ̀kan. Ó ní òun kò tíì dé ibi tí ènìyàn ti ń yan nǹkan.

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ọkọ ọmọ mi ń rìn lọ rìn bọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbàdúrà lórí fóònù láti òdìkejì odò, a gbé fóònù náà lé àga. Ọkọ Dókítà wá jókòó tì mí. Ó ra omi, ó fi eyín ṣí ìdérí rẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e fún mi.

Wọ́n gbé ọmọ jáde láàyè. Obìnrin. Ó kéré, ó wà nínú àpótí onígíláàsì tó ń móoru. Ìyá rẹ̀ ń sùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti ń wálẹ̀.

Mo délé, mo gbá ilẹ̀. Mo tún un gbá.

Ọjọ́ Àìkú, kọkàndínlógún oṣù Keje

Ọmọ mi ní kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òun. Ó ní, “Màmá, mo ṣì ń bínú nípa ilẹ̀ yẹn.” Mo ní mo mọ̀. Ó gbé orí lé èjìká mi, ó sì sùn.

Ọjọ́rú, kejìlélógún oṣù Keje

Dókítà eyín pè mí. Ẹni tó ń bá a ṣe eyín nílùú ńlá ti fi owó kún un, afárá tún wà ní títì, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń mu ògì láìní eyín. Ó ní yàrá ẹ̀yìn òun ṣófo, pé ṣé ọkùnrin yẹn ṣì wà. Àánú kọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Mo lọ sọ fún un. Ó ṣí ìdì ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Ìka kan kò ní tẹ̀ mọ́. Ó gbé ayùn tó tín-ín-rín yẹn, ó gbìyànjú rẹ̀ lára ìdérí ìgò, ayùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un nílẹ̀, ó fi ìka mìíràn dì í mú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dúró.

“Màá lọ́ra,” ó ní.

“Wọ́n ti ń dúró tẹ́lẹ̀,” mo ní.

Ọjọ́ Ẹtì, kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje

Òní ni àdéhùn parí. Láàárọ̀, ọ̀gá ilé ìwòsàn pè mí pé kí ni Dókítà wí. Mo ní kò wí nǹkan kan fún mi. Ní ọ̀sán ó tún pè, ó ní Dókítà wà nínú iṣẹ́ abẹ, kò sí ẹni tó lè bi í. Mi ò rí oúnjẹ jẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Dókítà wọ ọ́fíìsì mi. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó. Ó rẹ̀ ẹ́ tó fi jẹ́ pé ó ti ojú méjèèjì pa fún ìgbà díẹ̀. Mo ń retí ọ̀rọ̀ ìdágbére. Mo ti pèsè èyí tí màá sọ.

Ó ní, “Ògiri ilé wa, mà. Ẹ ní ẹ máa rán bíríkìlà wá.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ìgbà wo?”

“Ọjọ́ Ajé.”

“Kí ó ṣe é dáadáa. Mi ò fẹ́ kí ó tún ṣí lọ́dún tó ń bọ̀.”

Ó dìde, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo pe ọ̀gá ilé ìwòsàn, mo ní kí ó gbé ìwé tuntun sílẹ̀ fún un. Ó ní ṣé ó sọ pé òun máa dúró ni? Mo ní ó sọ̀rọ̀ ògiri.

Ọjọ́rú, kejìlá oṣù Kẹjọ

Wọ́n ti gbé ọmọ wa jáde nínú àpótí. Ó ń mu ọyàn bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́.

Kánsù jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ibojì. Wọ́n gbé e sí ìpàdé mìíràn.

Gáàsì wálẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, kọkànlélógún oṣù Kẹjọ

Nọ́ọ̀sì tuntun dé láti òkè òkun, òun àti ìyá rẹ̀. Mo lọ pàdé wọn ní ibùdókọ̀. Ọkọ Dókítà bá mi lọ nítorí ẹrù. Etí aṣọ rẹ̀ funfun fún símẹ́ńtì eyín.

Nọ́ọ̀sì ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àpótí rẹ̀ tí kò tíì jáde. Ìyá rẹ̀ dúró tì wá, ó di àpò mọ́ àyà. Èdè wa tó gbọ́ kò pọ̀. Ó wo ọkọ Dókítà, ó mọ̀ pé àlejò bí tirẹ̀ ni.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní. “Ibí dára?”

Ọkùnrin náà rò ó. Mo rò pé ó máa sọ ohun tí a máa ń sọ fún àlejò.

“Òjò pọ̀,” ó ní. “Wọ́n máa ń sọ pé ‘kò rọrùn’ tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé rárá. Ilé máa ń tutù. Iṣẹ́ máa ń pẹ́ kí ó tó wá.” Ó tún fi kún un: “Bàbá mi wà níbí.”

Ojú obìnrin náà là. Ó fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ láyà, ó ní, “Àgbàlagbà bíi tèmi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dára. Màá wá kí wọn.”

Ọkọ Dókítà wò mí, mo wò ó. Àpótí nọ́ọ̀sì ti jáde. Ọkọ Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbé e.

“Ẹ wá, mà,” ó ní. “Màá mú yín lọ.”